Yìnyín ìgbà ìrúwé lórí òkè: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kò ní ya lé yín lórí?

Ẹsẹ̀ Òkè (Ọjọ́ Ajé, 7:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́rin la fẹ́ fi síkì, ìyẹn pákó gígùn tí à ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, gun òkè lópin ọ̀sẹ̀ yìí, níbi tí kò sí ọ̀nà tí wọ́n là, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ aláàbò kankan. A ti rìn dáadáa nígbà òtútù, a sì máa ń ka ìkìlọ̀ avalanche, ìyẹn yìnyín tó ń ya lulẹ̀ láti orí òkè, ní àràárọ̀ kí á tó jáde. Ìgbà ìrúwé yìí gan-an ni kò yé mi.

Lánàá a kàn lọ wo ibẹ̀ ni, a ò gùn ún. Oòrùn ràn, atẹ́gùn ò fẹ́, yìnyín tuntun ò sì bọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ò sí lójú mi. Àmọ́ láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yìnyín ya lulẹ̀ níwájú wa ní òdìkejì àfonífojì, ẹ̀ẹ̀kẹta sì wó igi. Nígbà tí mo délé mo tún ìkìlọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà kà: ipele 1 ni wọ́n kọ, ìyẹn ewu kékeré. Ṣé àwọn tó kọ ọ́ ló ṣì í ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà? Kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó kúrò nílé, kí lẹ sì máa ń wò tí ẹ bá ti dé orí òkè?

Atọ́nà (Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́)

Wọn ò ṣì í. Ẹ padà lọ wò ó, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí máàpù kejì lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Nígbà ìrúwé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ìkìlọ̀ jáde máa ń ya ewu òwúrọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀sán. Ipele márùn-ún ló wà: ó lè jẹ́ 1 ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó di 3 ní aago kan ọ̀sán, ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan náà. Ẹni tó ka nọ́ńbà kan ṣoṣo ti ka ìdajì.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nígbà òtútù, ẹrù tuntun là ń bẹ̀rù: yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tàbí èyí tí atẹ́gùn kó jọ, tó wá jókòó lórí ìpele ẹlẹgẹ́ kan nísàlẹ̀. Nígbà ìrúwé, omi ni. Oòrùn á yọ́ ojú yìnyín, omi á máa rìn lọ sísàlẹ̀ láàárín hóró yìnyín, á sì máa tú ohun tó so hóró kan mọ́ èkejì. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí òtútù sì mú, omi yẹn á dì padà, gbogbo rẹ̀ á le bí àpáta. Èèpo líle yẹn ló ń gbé wa láàárọ̀. Oòrùn á tún dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti òkè wá, tó bá sì jẹ ẹ́ tán, kò sí ohun tó di yìnyín yẹn mú mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi kì í ṣe pé báwo ni ọ̀sán ṣe máa gbóná tó. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: ṣé yìnyín dì lóru àná, báwo ló sì ṣe dì jìn tó? Tí kò bá dì, n kì í lọ, bó ti wù kí oòrùn dára tó.

Tó bá dì, aago ló kù. Ní ìhà àríwá ayé, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà oòrùn ló kọ́kọ́ ń rọ̀, lẹ́yìn náà gúúsù, lẹ́yìn náà ìwọ̀ oòrùn. Èyí tó kọjú sí àríwá ló ń pẹ́ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìhà gúúsù ayé, ẹ fi àríwá sípò gúúsù. Èmi máa ń fẹ́ wà lórí ṣóńṣó òkè kí ojú yìnyín tó rọ̀, màá dúró títí sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta òkè yóò fi rọ̀, màá sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì le. Àkókò yẹn kì í sábà ju wákàtí kan tàbí méjì lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan. Síkì máa ń dùn jọjọ nígbà yẹn, adùn yẹn ló sì ń mú kí èèyàn fẹ́ gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má tún un gùn. Wákàtí tí ẹ máa fi gùn ún padà ló máa kó yín sínú ewu.

Ẹ kọ aago tí ẹ máa yí padà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Aago tí ẹ máa yí padà ni mo wí o, bóyá ẹ dé ṣóńṣó òkè tàbí ẹ ò dé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Atọ́nà sọ. Kí n fi ọ̀rọ̀ òru kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣìnà. Wọ́n á wo fóònù, wọ́n á rí i pé òtútù máa dé òdo, wọ́n á ní yìnyín máa dì. Tẹmómítà nìkan ò tó. Ojú ọ̀run ni kí ẹ wò.

Tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lóru, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ooru inú yìnyín máa ń gba ojú sánmà jáde lọ, ojú yìnyín á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ lọ. Mo ti rí òru tí tẹmómítà ò sọ̀ kalẹ̀ ju dígírì 3 lókè òdo lọ, tí yìnyín sì dì gbagidi láàárọ̀. Mo sì ti rí òru tó dé òdo géérégé, ṣùgbọ́n tí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run bí aṣọ ìbora. Láago márùn-ún àárọ̀ mo tẹ yìnyín, mo rì dé orókún.

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jáde síta lọ wo ìràwọ̀. Bí mo bá rí wọn dáadáa, mo ń wọ bàtà mi nìyẹn. Bí n kò bá rí wọn, mo padà sórí ibùsùn, n kì í tilẹ̀ jí àwọn yòókù.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fún èèyàn. Igi ń ṣe iṣẹ́ ìkùukùu. Yìnyín abẹ́ igbó kì í dì dáadáa lóru bíi ti gbangba, torí ẹ̀ka igi ń dá ooru padà sí i. Ẹ lè rìn lórí èèpo líle láti àárín òkè dé ṣóńṣó, kí ẹ padà dé inú igbó nísàlẹ̀ láago mẹ́wàá kí ẹ máa rì dé ìtan. Ibi tó lọ sílẹ̀ náà ló ń kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò aago, láti ibi tí ẹ máa parí sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣírò.

Ọmọ Afẹ́fẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Ẹ ṣeun mà. Báwo lẹ ṣe ń mọ bí èèpo yìnyín yẹn ṣe dì jìn tó? Ṣé ẹ ń wọ̀n ọ́n ni?

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Mo ń wọ̀n ọ́n, ọmọ mi, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì. Yọ síkì, kí o fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ. Tí èèpo náà bá gbé ọ, ó dára. Tó bá fọ́ tí o sì rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ìkìlọ̀ nìyẹn, ó ti tó àsìkò láti kúrò ní ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Tó bá dé orókún, o ti pẹ́ jù níbẹ̀. Fi ọ̀bẹ tàbí etí ṣọ́bìrì gé èèpo náà kí o wo bó ṣe nípọn tó àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èèpo tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ lórí yìnyín tó ṣì rin kò ní pẹ́ tí oòrùn bá bá a.

Lẹ́yìn náà, bu yìnyín abẹ́ èèpo sọ́wọ́, kí o fún un pọ̀. Tí kò bá di bọ́ọ̀lù, ó gbẹ. Tó bá di bọ́ọ̀lù tí o ò sì rí omi, ó ti ń rin díẹ̀díẹ̀. Tí o bá fún un tí omi ń kán, ó ti rin gbindin. Máa ṣe é lọ bí o ṣe ń gòkè, ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, torí ohun tí ọwọ́ rẹ sọ láago mẹ́fà kì í ṣe ohun tí á sọ láago mẹ́jọ.

Onímáàpù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)

Ẹ kàárọ̀ o. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ bí òkè náà ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ jù lọ yìnyín tó ń ya ní pẹlẹbẹ, ìyẹn èyí tó ń já lẹ́ẹ̀kan náà bí pákó, ibi tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 38 ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ má fojú díwọ̀n ọ̀n. Ẹ tẹ́ ọ̀pá síkì sórí yìnyín, kí ẹ gbé fóònù lé e, ohun ìwọ̀n inú rẹ̀ á sọ dígírì rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣe é níbi tí ẹ mọ̀ pé kò léwu, títí ojú yín á fi mọ́ bí 30 ṣe ń rí.

Máàpù aláwọ̀ tó ń fi ibi tó dà gẹ̀rẹ́ hàn dára fún ètò alẹ́. Àmọ́ kì í rí òkìtì kékeré tó ga mítà márùn-ún, òkìtì bẹ́ẹ̀ sì tó láti pa èèyàn tí kòtò bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Afẹ́fẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ṣé tí a bá wà níbi tí kò tó 30, kò séwu nìyẹn?

Onímáàpù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀)

Tó bá jẹ́ pé kò tó 30 lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kò sì tó 30 lókè orí yín, tí ẹ̀gbẹ́ òkè náà ò sì so mọ́ ibòmíràn tó dà gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ nígbà òtútù. Nígbà ìrúwé, n kì í fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín tó kún fún omi lè ya níbi tí kò dà gẹ̀rẹ́ tó ti yìnyín gbígbẹ, ó sì lè ṣàn bí ẹrẹ̀ dé ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, tí wọ́n ti tú síkì, tí wọ́n rò pé àwọn ti délé, wọ́n ṣì wà lábẹ́ gbogbo ohun tí oòrùn ń yọ́ lókè. Máa wo òkè orí rẹ, àbúrò. Kí o sì wo ohun tó wà nísàlẹ̀ náà: ojú odò, àpáta, kòtò tóóró, igi. Ìyalulẹ̀ kékeré tí kò lè bo èèyàn ní gbangba lè kó èèyàn sínú kòtò, kó sì kún un bò ó mọ́lẹ̀.

Akọ̀wé Ìràwọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán)

Ẹ wo àwọn àmì yìí, mo ń kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Bọ́ọ̀lù yìnyín kéékèèké tó ń yí sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, pàápàá lábẹ́ àpáta. Àpáta máa ń gbóná ju yìnyín lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yìnyín ti ń kọ́kọ́ tú. Tí bọ́ọ̀lù náà bá ń tóbi sí i bó ṣe ń yí, tó sì ń ki, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyalulẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo, á sì máa fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kì í yára bíi ti yìnyín gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń ti èèyàn lọ síbi tí kò fẹ́.

Ìgbátí yìnyín. Atẹ́gùn ìgbà òtútù máa ń kọ́ yìnyín jáde kọjá etí òkè bí ìgbátí òrùlé. Nígbà ìrúwé wọ́n á rọ̀, wọ́n á sì já, ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n sì máa ń já sẹ́yìn ju bí èèyàn ṣe rò lọ, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹ rò pé àpáta ni ẹ dúró lé, afẹ́fẹ́ lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jìnnà sí etí. Ẹ má sì jókòó sinmi sábẹ́ wọn.

Ẹnu ẹ̀là ńlá tó la yìnyín dé ilẹ̀, tó rí bí ẹni tó ń yánu, lórí koríko tàbí àpáta pẹlẹbẹ. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo yìnyín tó wà níbẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa já: ó lè jẹ́ lónìí, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó lè jẹ́ lóru nígbà tí gbogbo nǹkan dì. Èyí nìkan ni kíkúrò nílé ní ìdájí kò ràn lọ́wọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ká má kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà o. Èèyàn á rò pé ó ń bo oòrùn, pé ara yìnyín á tutù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ìkùukùu bẹ́ẹ̀ sé ooru mọ́lẹ̀, kí yìnyín sì rọ̀ kíá ju ìgbà tí ojú ọ̀run mọ́ lọ, títí kan ẹ̀gbẹ́ àríwá.

Atọ́nà (Ọjọ́rú, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Inú mi dùn sí ohun tí Akọ̀wé Ìràwọ̀ kọ. Mo fẹ́ padà sórí ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, torí kì í fi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ìgbà ìrúwé ló rí bákan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí omi máa wọ inú yìnyín tó ti gbẹ láti ìgbà òtútù ló burú jù. Ní àwọn òkè kan, ìpele ẹlẹgẹ́ ti wà nítòsí ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, hóró ńláńlá tí kò lẹ̀ mọ́ra wọn, bí iyanrìn gbígbẹ. Ó lè ti sùn fún oṣù méjì tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́. Omi á sọ̀ kalẹ̀ bá a. Tàbí kí omi náà bá èèpo àtijọ́ kan pàdé nínú yìnyín, kí èèpo náà má jẹ́ kó kọjá, kó wá dúró síbẹ̀, kó máa pọ̀ sí i. Nígbà náà gbogbo pẹlẹbẹ tó wà lókè rẹ̀ á yọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ, ó sì lè kó gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀. Ìyẹn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kéékèèké.

Mo mọ̀ pé ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ kòtò, tí à ń gé òpó yìnyín tí à ń gbá orí rẹ̀ wò. N kò ní kí ẹ má ṣe é. Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìpele ẹlẹgẹ́ wà àti ibi tí omi dé. Ṣùgbọ́n tí òpó náà bá dúró ṣinṣin láago méje, kò sọ ohunkóhun nípa aago mọ́kànlá. Omi ti yí gbogbo rẹ̀ padà nígbà náà.

Ìlànà tèmi: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ooru bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn òtútù gígùn, n kì í gun ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Òru méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀léra tí yìnyín ò dì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tó bá ti yọ́ tó sì ti dì léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi á ti la ọ̀nà fún ara rẹ̀, hóró á ti ki, ara mi á balẹ̀ díẹ̀ sí i, tí òru bá ṣáà ti dì.

Òjò sì rèé. Òjò kì í dúró de oòrùn, ẹ̀gbẹ́ òkè gbogbo ló ń rọ̀ sí. Ní 1 March 1910, ní Wellington, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, yìnyín ti ń bọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọkọ̀ ojú irin méjì sì há síbẹ̀. Ojú ọjọ́ wá gbóná, òjò àti àrá dé. Kété lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, òkè ya, ó gbá ọkọ̀ méjèèjì lọ sínú àfonífojì. Èèyàn 96 ló kú. Kò sí ẹni tó ń gun òkè nínú wọn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí yìnyín, mo jókòó sílé.

Bàtà Rírin (Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́)

Yìnyín ti bò mí rí, ní oṣù kẹrin ọdún kan. Díẹ̀ ni mo máa sọ.

Mo mọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sókè yìí nígbà náà. A pẹ́ kúrò nílé pẹ̀lú wákàtí kan ààbọ̀ torí ẹnì kan gbàgbé ohun ìdìmọ́ bàtà rẹ̀. A rí bọ́ọ̀lù yìnyín tó ń yí. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan, torí ẹni tó ń ṣíwájú wa ti gun òkè yẹn fún ọdún mẹ́wàá, mo sì rò pé òun náà ti rí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rí i lóòótọ́, ó ń dúró kí ẹnì kan nínú wa sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ síkì àwọn mìíràn ti wà níwájú wa, ìyẹn náà fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ẹsẹ̀ aago méje ni. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tiwa.

Ọ̀gbẹ́ni Ian McCammon wo ìjàǹbá 715 tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1972 sí 2003, ó sì kọ ọ́ síta ní 2004 pé irú àwọn nǹkan yìí ló ń mú àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ wọnú ewu: ibi tó ti mọ́ wọn lára, ohun tí wọ́n ti pinnu láti ṣe, ẹni tí wọ́n rò pé ó mọ̀ ọ́n jù, ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ló ń kọ.

Nínú ẹgbẹ́ mi báyìí, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ibi tí a bá dúró sí. Ẹni tó mọ̀ jù ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ pé òun ò fẹ́ lọ, a ń padà nìyẹn, a kì í bi í léèrè ìdí rẹ̀ títí a ó fi dé ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè (Ọjọ́bọ̀, 6:04 àárọ̀)

Bàtà Rírin, ẹ kú ewu. Mo dúpẹ́ pé ẹ wà níbí láti kọ ọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ yìnyín, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé hẹlikọ́pítà ló máa gbà wọ́n. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1994 fi hàn pé nínú àwọn tí yìnyín bò pátápátá, nǹkan bí 9 nínú 10 ló yè tí wọ́n bá hú wọn jáde láàárín ìṣẹ́jú 15. Tó bá di ìṣẹ́jú 35, nǹkan bí 3 nínú 10. Ìwádìí tuntun láti Switzerland, tó wo ọdún 1981 sí 2020, ti dín ìṣẹ́jú 15 yẹn kù sí 10. Kò sí hẹlikọ́pítà tó ń tètè dé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta tó kù lẹ máa hú ẹnì kẹrin jáde.

Àìrí afẹ́fẹ́ mí ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ, ìyókù sì jẹ́ ara tó fọ́ mọ́ igi àti àpáta. Yìnyín ìgbà ìrúwé burú ní ọ̀nà méjèèjì: ó wúwo, tó bá sì dúró, á le kíákíá bíi kọnkéré. Mo ti rí ṣọ́bìrì oníke tó ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ ra oníirin. Kí olúkúlùkù ní bíkọ̀n tirẹ̀ lára, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí èèyàn wà lábẹ́ yìnyín han bíkọ̀n àwọn yòókù, lábẹ́ aṣọ òkè, kó wà ní títàn láti ibi tí ẹ ti gbéra, pẹ̀lú ọ̀pá ìwárí àti ṣọ́bìrì nínú àpò ẹ̀yìn. Gbogbo bíkọ̀n òde òní ń lo 457 kHz, nítorí náà ti iléeṣẹ́ kan ń gbọ́ ti òmíràn. Fóònù máa ń dà á láàmú: ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20 nígbà tí ẹ bá ń rìn, àti 50 nígbà tí ẹ bá ń wá èèyàn. Báàgì afẹ́fẹ́ dára, ó ń gbé èèyàn sókè lójú yìnyín, ṣùgbọ́n kò ní kí igi má gbá a.

Ẹ ṣe ìdánrawò kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ ri bíkọ̀n kan mọ́lẹ̀, kí ẹ wo aago yín. Tí yóò bá gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kí ẹ tó fi ọ̀pá kàn án, ẹ tún un ṣe.

Ẹ máa kọjá ibi tó léwu lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù máa wo ẹni tó ń kọjá láti ibi tí yìnyín ò lè dé. Ojú kan tó rí ibi tí èèyàn ti pòórá kẹ́yìn níye lórí ju ohunkóhun tí mo kà sókè yìí lọ.

Ọmọ Afẹ́fẹ́ (Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́)

Ìbéèrè ìkẹyìn. Ojú ọjọ́ sọ pé yìnyín tuntun máa bọ́ ní Ẹtì, bíi sẹ̀ǹtímítà 25, kí oòrùn tó yọ ní Àbámẹ́ta. Ṣé ti ìgbà ìrúwé nìyẹn àbí ti òtútù?

Akọ̀wé Ìràwọ̀ (Ọjọ́bọ̀, 9:01 alẹ́)

Méjèèjì pọ̀ ni. Láàárọ̀, ẹ wò ó bíi ti ìgbà òtútù: atẹ́gùn ti kó o lọ síbì kan, ó sì lè já lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Tí oòrùn àkọ́kọ́ bá wá kàn án, yìnyín tuntun yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya láàárín wákàtí kan péré, torí oòrùn ìgbà ìrúwé lágbára ju ti oṣù kìíní lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi Àbámẹ́ta sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ Òkè (Ọjọ́ Àìkú, 4:26 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ló bọ́ ní Ẹtì, síbẹ̀ a gba ìmọ̀ràn, a fi Àbámẹ́ta sílẹ̀, òní la lọ.

Aago mẹ́ta òru mo jáde síta, mo rí ìràwọ̀. A gbéra ní 3:40, iná wà lórí olúkúlùkù. A ti dán bíkọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, a sì ti kọ aago mẹ́sàn-án sílẹ̀ pé ìgbà yẹn la máa yí padà. Ní nǹkan bí aago márùn-ún, ìkùukùu fẹ́lẹ́ kan wọlé láti ìwọ̀ oòrùn. Mo rántí ohun tẹ́ ẹ kọ. Ní 6:20 mo yọ síkì, mo tẹ̀ ẹ́, èèpo gbé mi. Ní 7:30 ó fọ́, mo rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo fún yìnyín abẹ́ rẹ̀ pọ̀, omi kán lọ́wọ́ mi. Ní 8:05 bọ́ọ̀lù mẹ́ta yí kọjá wa láti abẹ́ àpáta.

Àbúrò wa tó kéré jù la kọ́kọ́ bi. Ó ní òun fẹ́ padà. Ṣóńṣó òkè ò ju mítà 300 sókè lọ, a sì ṣì ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta lórí aago tí a kọ. Ó dun ẹnì kan nínú wa gan-an, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìsàlẹ̀. A gba ẹ̀yìn òkè tó kọjú sí àríwá sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ṣì le. Inú igbó nísàlẹ̀, a rì dé orókún, bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ. A dé ibi ọkọ̀ ní 9:50. Kò sí ohun tó ya lójú wa.

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìnira. Báwo ni èèpo yẹn ṣe nípọn tó níbi tó ti fọ́, ẹ̀gbẹ́ wo sì ni?

Ẹsẹ̀ Òkè (Ọjọ́ Àìkú, 5:18 ìrọ̀lẹ́)

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ìlà oòrùn, ní nǹkan bí mítà 2,300 lókè ìtẹ́jú òkun. Abẹ́ rẹ̀ rin dé ibi tí ọ̀pá mi lè dé.

Onímáàpù (Ọjọ́ Àìkú, 6:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun. Mo ti ń gbèrò láti gba ẹ̀gbẹ́ yẹn ní Ìṣẹ́gun, mo ti sún un síwájú. Ó dà bí ẹni pé ojú ọ̀run máa mọ́ lóru Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Tí mo bá lọ, màá wọn èèpo ní mítà 2,000 àti 2,300, màá sì kọ ọ́ síbí kí ilẹ̀ tó ṣú.